Ta Ni Kí Ó Kọ́kọ́ Jẹ? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìlà Inú Díìsìkì

A ṣe ìlérí nínú ìwé ìròyìn wa tí ó kọjá pé a óò sọ ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ ẹgbẹ́ wa tí ó fi ń wọ́ bí ìgbín ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Àwọn kan ní íntánẹ́ẹ̀tì ni. Àwọn kan ní ẹ̀rọ náà ti gbó, kí ẹgbẹ́ dá owó kí a ra òmíràn. Kò sí èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Kí a má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, àwa tí a ń kọ abala yìí ni a fi ọwọ́ ara wa bà á jẹ́. Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àṣìṣe náà ẹ̀kọ́ wà fún gbogbo wa, pàápàá fún àwa tí a óò padà sílé lọ máa tọ́jú ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á dé òpin.

Fún àǹfààní àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ẹgbẹ́ wa ní sáfà kan. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo, tí ó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àlòkù ni a rà á, ó sì wà ní yàrá abẹ́ ilé tí àwa mẹ́ta jọ háyà ní Redstone, ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Calgary, níbi tí ariwo bàálù ti máa ń bo ariwo fáànù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Inú rẹ̀ ni ìwé ìròyìn wa láti ẹ̀yìn wá wà. Inú rẹ̀ ni ohùn àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀ wà, àwọn kan nínú wọn ti rèwàlẹ̀ àsà. Inú rẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń kó iṣẹ́ ìwádìí yín sí, nítorí pé kọ̀ǹpútà alágbèéká yín kò gbà á mọ́. Ẹgbẹ́ fi í sí wa lọ́wọ́ pé kí a máa ṣọ́ ọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan fẹ́ fi àkótán iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ránṣẹ́ sí àpérò ńlá kan. Agogo méjìlá òru ni ilẹ̀kùn yóò tì. Fáìlì kéékèèké bí 6,000 ni èsì iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn sì wà lórí ẹ̀rọ wa. Ní agogo mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn jáde, kí ó lè fi wọ́n ya àwòrán kan ṣoṣo tí ó kù. Iṣẹ́ tí kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ ni. Ó pè wá lórí fóònù: "Ẹ̀yin àbúrò mi, kí ló ń ṣe ẹ̀rọ yín? Ó dà bí ẹni pé ó sùn lọ." A ní kí ó ní sùúrù díẹ̀. A tún sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí fáìlì tí ó kẹ́yìn fi jáde, agogo méjìlá ti lù. Nígbà tí ó ya àwòrán tán, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ti kọjá lórí àsìkò. Wọn kò gbà á. Iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ kò dé ibi tí wọn ìbá ti gbọ́ nípa rẹ̀ lọ́dún yìí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tí ó fà á kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a yí padà nínú ètò ẹ̀rọ.

Kí ni ọ̀rọ̀ náà? Kí ó tó yé wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú díìsìkì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá bàbá yín gbọ́ giramofóònù rí, ẹ óò rántí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tí ó ń yí àti abẹ́rẹ́ tí ó ń tọ ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni díìsìkì aláwo rí, àfi pé abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kì í fara kan àwo, ó sì lè kọ, ó lè kà. Àwo tí ó wọ́pọ̀ ń yí ní 7,200 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Èyí já sí 120 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá béèrè ohun kan, apá abẹ́rẹ́ ní láti sún lọ sí ojú ọ̀nà tí ohun náà wà, èyí tí ó ń gbà tó ìdá 8 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Lẹ́yìn náà yóò dúró kí àwo yí dé abẹ́ rẹ̀, èyí sì jẹ́ ìdá 4 nínú ẹgbẹ̀rún bí a bá pín in dọ́gba. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Nítorí náà, bí àwọn ohun tí a ń béèrè bá fọ́n káàkiri ojú àwo, ẹ̀rọ náà kò lè dáhùn ju nǹkan bí 80 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lójú ọmọ ènìyàn, èyí yá. Lójú kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣe ìṣirò ọ̀kẹ́ àìmọye láàárín ìgbà kan náà, ó lọ́ra ju ìgbín lọ.

Ìyọnu yìí kì í ṣe tuntun. Díìsìkì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún ilé iṣẹ́, èyí tí IBM gbé jáde ní 1956 tí a ń pè ní RAMAC, ní àwo 50 tí wọ́n tò lé ara wọn, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì. Apá kan ni ó ń gun òkè sọ̀ kalẹ̀ láti àwo dé àwo. Gbogbo ohun tí ó lè gbà kò ju lẹ́tà mílíọ̀nù 5 lọ. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti wà nílẹ̀: bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ apá kan ṣoṣo, ta ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí òde òwàm̀bẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń yé ènìyàn jùlọ. Ẹ fojú inú wo gbọ̀ngàn kan tí ó ní tábìlì 40. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń pín oúnjẹ, àwo kan ṣoṣo ni ó sì lè gbé lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìrìn ni ó ń jẹ àsìkò rẹ̀. Bíbu oúnjẹ kò le.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí ó máa tẹ̀lé bí wọ́n ṣe ń pè é. Ẹni iwájú pè é, ó lọ. Ẹni ẹ̀yìn pátápátá pè é, ó lọ. Ẹni iwájú tún pè é. Kò ṣe ojúsàájú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú kí ìrẹsì tó dé ìdajì gbọ̀ngàn.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ó máa dá tábìlì tí ó sún mọ́ ọn jù lóhùn. Ìrìn yóò dín kù gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn rí mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Bí àwọn tí wọ́n wà nítòsí ilé ìdáná kò bá dákẹ́ ìbéèrè, àwọn ará ẹ̀yìn yóò fi òórùn ọbẹ̀ lọlẹ̀ ni. Peter Denning wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìṣirò wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní. Ó kọ ọ́ jáde ní 1967.

Ọ̀nà kẹta ni ti ọkọ̀ ojú irin wa. Àwa ará Redstone máa ń wọ bọ́ọ̀sì dé Saddletowne kí a tó wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line. Ọkọ̀ náà ń lọ láti Saddletowne títí dé 69 Street, ó ń gbé ẹnikẹ́ni tí ó bá lójú ọ̀nà, ó sì ń padà bọ̀. Kì í sáré yí padà nítorí ẹnìkan. Bí olùpín oúnjẹ bá ń rìn bẹ́ẹ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn, láti ẹ̀yìn dé iwájú, yóò kan gbogbo ènìyàn. Òun ni àwọn onímọ̀ fi wé ẹ̀rọ agbéniròkè inú ilé alájà púpọ̀. Linux pẹ̀lú lo irú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro tí ó kù ni èyí: oríṣi àlejò méjì ni ó wà ní òde. Àlejò kan ń jẹun níbẹ̀. Bí oúnjẹ kò bá dé, kò lè ṣe nǹkan mìíràn. Àlejò kejì ń di oúnjẹ lọ sílé. Ó fi kúlà mẹ́fà kalẹ̀, ìgbàkígbà tí wọ́n bá kún kò kàn án. Ẹni tí ń jẹun ni ẹni tí ń ka fáìlì. Ẹni tí ó gbé kúlà kalẹ̀ ni ẹni tí ń kọ fáìlì, nítorí kọ̀ǹpútà ti gba ohun tí ó fẹ́ kọ pamọ́ fún un, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ. Bí olùpín bá ń kún kúlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán kí ó tó wo ojú ẹni tí ń jẹun, òde ti dàrú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n wa ń jẹun. Ó ń béèrè fáìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì lè béèrè èkejì àyàfi tí èkíní bá tó dé. Ní agogo mọ́kànlá gan-an, ètò tí ó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ gbogbo ohun tí ó wà lórí ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Arákùnrin wa kan náà sì ń kó fídíò ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀ sórí rẹ̀. Kúlà pọ̀ nílẹ̀. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí fáìlì 80 bá ń jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 6,000 yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 75. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní láti dúró de kúlà fún ìdá mẹ́rin péré nínú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, 6,000 yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 2,400, ìyẹn ogójì ìṣẹ́jú. Ìdádúró ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan. Àpapọ̀ wọn ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀gbọ́n wa lójú.

Ẹ ó bi wá pé, ṣé kò sí ẹni tí ó ti rí èyí tẹ́lẹ̀ ni? Wọ́n ti rí i, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbí ni ọ̀rọ̀ ìyàn àtilẹ̀wá ti wọlé. Ìyàn àtilẹ̀wá ni ohun tí àwọn tí wọ́n ṣe ètò ti yàn sílẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní fọwọ́ kàn án títí ẹ̀rọ yóò fi kú, nítorí náà ẹni tí ó yàn án ti yan fún ẹgbàágbèje ènìyàn tí kò mọ̀ rí.

Nígbà tí Linux 2.6 jáde ní oṣù Ọ̀pẹ 1953+50, ìyẹn 2003, ìyàn rẹ̀ ni pé kí olùpín oúnjẹ dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lóhùn, nítorí ẹni tí ó gba ìrẹsì yóò béèrè ẹran láìpẹ́. Sitaram Iyer àti Peter Druschel ti Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé ìmọ̀ náà jáde ní 2001. Ọgbọ́n ni fún ẹni tí ń ka fáìlì ní títẹ̀léra. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń béèrè nǹkan káàkiri, bí àkọsílẹ̀ owó ní báǹkì, dídúró lásán ni.

Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2006, Linux 2.6.18 yí ìyàn náà padà sí CFQ, iṣẹ́ Jens Axboe, ọmọ ilẹ̀ Denmark. Ti CFQ ni pé kí a pín àsìkò fún ìdílé kọ̀ọ̀kan tí ó wá sí òde: ìdílé yìí gba tirẹ̀, ó kan èyí tí ó tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tí yóò fi ariwo gba ti ẹlòmíràn. Ó dára fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ọ̀gbẹ́ni kan náà ti ṣe òmíràn ṣáájú, èyí tí a ń pè ní deadline. Nínú tirẹ̀, olùpín ń rìn bí ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n ó kọ àsìkò sí orí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ni ti ẹni tí ń kà. Ìṣẹ́jú-àáyá 5 ni ti ẹni tí ń kọ. Ẹni tí ń jẹun ni ó ń kọ́kọ́ dá lóhùn, ìgbà tí ó bá sì ti dá wọn lóhùn ní ọ̀wọ́ méjì, kúlà ní láti gba tirẹ̀, kí àwọn náà má bàa wà níbẹ̀ di ọ̀la. Bí àsìkò ẹnìkan bá ti kọjá, yóò fi ojú ọ̀nà tí ó ń tọ̀ sílẹ̀ lọ dá a lóhùn. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá náà kì í ṣe iye tí ènìyàn yóò dúró. Ààlà ni, ọ̀pọ̀ kì í dé ibẹ̀.

Ẹ wo bí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe wá tò ó. Nígbà tí Red Hat gbé ẹ̀dà 7 ètò rẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ jáde ní oṣù Òkúdù 2014, deadline ni wọ́n yàn fún gbogbo díìsìkì, àyàfi díìsìkì onísátà, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí kò wọ́nwó. Wọ́n fi CFQ sílẹ̀ fún ìyẹn. Kí ẹ̀dà yìí tó dé, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣọ́ àkójọ ìsọfúnni ńlá ti máa ń fi ọwọ́ ara wọn yí CFQ sí deadline. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wọ́n wo irú ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó jókòó nídìí ẹ̀rọ, wọ́n sì yàn fún un.

Lẹ́yìn náà ni ayé yí padà. Díìsìkì tí kò ní àwo dé. Kò sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, kò sí ìrìn. Gbogbo tábìlì ni ó sún mọ́ ilé ìdáná bákan náà. Díìsìkì onísátà lè gba ìbéèrè 32 sí ọwọ́ lórí ìlà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n òfin tí a fi ṣe àwọn tuntun tí a ń pè ní NVMe gba ìlà tí ó tó 65,535. Ó dà bí ẹni pé tábìlì kọ̀ọ̀kan ní alásè tirẹ̀. Bí a bá ń to irú àwọn bẹ́ẹ̀ sí ìlà kan, àsìkò títò yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju àsìkò jíjẹ lọ. Ìdí nìyí tí Linux fi bẹ̀rẹ̀ sí lo ọ̀nà onílà púpọ̀ ní 2014, tí ó sì pa ti àtijọ́ rẹ́ pátápátá, tòun ti CFQ, nínú ẹ̀dà 5.0 ní oṣù Ẹrẹ́nà 2019. Deadline wá di mq-deadline. BFQ, tí ó wọlé ní 2017 láti ọwọ́ Paolo Valente ará Italy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, jogún ipò CFQ. Ìyàn kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ none, ìyẹn ni pé kí ètò má to nǹkan kan rárá.

Ó yá o, a dé ibi ẹ̀ṣẹ̀ wa. Ní ilé ìwé, kọ̀ǹpútà ńlá tí a ń lò fún ìwádìí ní díìsìkì NVMe. A wò ó, a rí none nínú ètò rẹ̀, a sì rí i pé ó ń fò bí àṣá. Nígbà tí a délé ní Redstone, mq-deadline ni ẹ̀rọ ẹgbẹ́ ti yàn fún ara rẹ̀. A ní kí a sọ ọ́ di aṣáájú bí ti ilé ìwé. A pa mq-deadline, a kọ none. Ara sì tù wá. A tilẹ̀ fọ́nnu fún àwọn tí a jọ ń gbé. Díìsìkì aláwo sì ni ti ẹgbẹ́! A ti lé olùpín oúnjẹ kúrò ní gbọ̀ngàn tí kò ní ju alásè kan lọ. Òótọ́ ni pé díìsìkì aláwo náà ní ọgbọ́n díẹ̀ nínú, ó ń tún ìbéèrè tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tò kí ìrìn lè dín kù, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí ń jẹun yàtọ̀ sí kúlà.

Lọ́jọ́ kejì, a dá mq-deadline padà. A kó fáìlì 6,000 kan náà jáde, a sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà ìpamọ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí ti àná. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó fi parí.

Ìgbà tí a sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n wa, kò bínú púpọ̀. Ohun tí ó sọ ni ó wọ̀ wá lára: "Ṣé ẹ rò ó pé mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń yí i?" Òótọ́ ni, a kò rò ó. Ẹ̀rọ ni a rò, a kò ro ènìyàn. A ń wá bí ẹ̀rọ yóò ṣe yá. A kò béèrè pé ta ni yóò dúró bí ó bá yá fún ẹlòmíràn. Gbogbo ètò ìlà ni ó ní ẹni tí ó ń dá dúró. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ètò òun yá fún gbogbo ènìyàn, kò tíì wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni.

A tilẹ̀ tún ṣe àṣìṣe kejì nígbà tí a ń tún ti àkọ́kọ́ ṣe. A gbé ẹ̀dà ìpamọ́ kúrò ní agogo mọ́kànlá alẹ́ sí agogo mẹ́ta òru, nígbà tí gbogbo wa ti sùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá ọ̀kan nínú wa pè láti Ìlọrin pé àwòrán ọmọ ọmọ òun kò ṣí mọ́ bí ó ti máa ń ṣí. Agogo mẹ́ta òru ní Calgary lóṣù Ṣẹ́rẹ́ ni agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ní Nàìjíríà. Ìgbà tí a ń sùn ni àwọn òbí wa ń wo wá. Kò sí wákàtí tí gbogbo ènìyàn jọ ń sùn nínú ẹgbẹ́ bíi tiwa. Nítorí náà a fi ìjánu sí ẹ̀dà ìpamọ́ náà fúnra rẹ̀: rsync tí a ń lò gbà kí a dín ìyára rẹ̀ kù. Ó ń pẹ́ díẹ̀ sí i báyìí, ṣùgbọ́n kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ ní ìkáwọ́ yín, ẹ gba ìmọ̀ràn díẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú díìsìkì tí ẹ ní. Lórí Linux, bí orúkọ díìsìkì yín bá ń jẹ́ sda, ẹ ka fáìlì /sys/block/sda/queue/rotational. Bí ó bá sọ 1, aláwo ni. Bí ó bá sọ 0, kò ní àwo. Ẹ ka scheduler tí ó wà nínú àpò kan náà. Èyí tí ó wà láàárín àmì àkámọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ aláwo tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, mq-deadline ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tí ẹnìkan jókòó tì, tí ó ń wo fídíò bí ó ti ń kó nǹkan, ẹ dán BFQ wò. Bí ó bá jẹ́ NVMe, ẹ fi none sílẹ̀ bí ẹ ti bá a. Bí ó bá sì jẹ́ sáfà tí ẹ yá, tí ó jẹ́ pé inú ẹ̀rọ ńlá kan ni tiyín àti ti ẹlòmíràn jọ wà, ẹ rántí pé díìsìkì tí ẹ ń rí kì í ṣe díìsìkì gan-an. Ẹni tí ó ni ilé ni ó mọ ibi tí àwo wà, òun ni yóò sì tò ó. Bí àlejò bá tún ń tò lórí ohun tí onílé ti tò, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni.

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ wọn ohun tí ó wà nílẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn yín ń ṣe gan-an ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ní wákàtí tí èrò pọ̀ jù. Àwa wọn tiwa ní ọ̀sán tí ẹ̀rọ dá wà. Ìdí nìyẹn tí a kò fi rí nǹkan. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé, nítorí ẹni tí yóò gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ yín kò ní mọ ohun tí ẹ rò.

A ń sọ èyí tọkàntọkàn nítorí ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò padà, a ó sì bá sáfà nílé ìwé, nílé ìwòsàn, ní ọ́fíìsì ìjọba. Àwọn kan nínú wa lè ríṣẹ́ ní ilé sáfà ńlá bíi Rack Centre ní Oregun, níbi tí ohun èlò ti pé. Ṣùgbọ́n ibi púpọ̀ ni a ó ti bá àlòkù aláwo bí ti Redstone yìí, pẹ̀lú ìlà ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ wo èsì, aláìsàn tí wọ́n ń wá káàdì rẹ̀, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tí ó wá béèrè owó rẹ̀. Wọn kò ní mọ̀ pé ẹnìkan wà tí ó yan ẹni tí yóò kọ́kọ́ jẹ. Wọn yóò kàn rí i pé àwọn dúró pẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìyàn àtilẹ̀wá kì í ṣe òfin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìsọkúsọ. Ẹni tí ó yàn án ro ẹnìkan. Bí ẹ bá fẹ́ yí i padà, ẹ̀yin náà ẹ kọ́kọ́ ro ẹnìkan, kí ó sì jẹ́ ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn jù.

Ẹ̀gbọ́n wa ti ń múra sílẹ̀ fún àpérò ti ọdún tí ń bọ̀. A ti ṣèlérí pé ní ọ̀sẹ̀ tí yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní fọwọ́ kan ètò ẹ̀rọ náà. A tún bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́.

Ó di ìgbà tí ìwé ìròyìn wa bá tún jáde. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí wa. A ó dá wọn lóhùn bí wọ́n bá ṣe ń dé, a kò sì ní fi ti ará ẹ̀yìn sílẹ̀. Kí Elédùmarè mú wa délé láyọ̀. Ire o.